Ohun tí Zeferino Rò pé Bàbá Fi Pamọ́

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n Zeferino sọ tiẹ̀ di oúnjẹ. Bí a bá gé búrẹ́dì fún un, á kọ́kọ́ wo èyí tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Bí o bá kí i káàárọ̀, á máa rò ó kó tó dá ọ lóhùn. Ọmọ àdúgbò mi ni, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà yẹn máa ń bí mi nínú.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Alentejo, agbègbè oko wa, a máa ń bó èèpo igi tí wọ́n fi ń ṣe ìdérí ìgò wáìnì. Aláàáké méjì ló ń dúró ti igi kan, àwa obìnrin ń to èèpo jọ. Àáké gbọ́dọ̀ la èèpo láì kan awọ abẹ́ rẹ̀, èyí tí à ń pè ní ìyá. Ẹni tó bá ṣá ìyá lọ́gbẹ́, àpá rẹ̀ á wà lára igi títí láé, gbogbo abúlé á sì mọ ẹni tó ṣe é.

Zeferino fẹ́ gba àáké tirẹ̀, kó di ọ̀gá ara rẹ̀ nídìí igi. Bí kò bá rí i gbà lọ́dún kejì, ilé oúnjẹ àna rẹ̀ ní Lisbon ló ń lọ, kó máa lọ fọ àwo. Wọ́n fi í ti Bàbá Honorato, ẹni tí kò ṣá ìyá lọ́gbẹ́ rí. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìró àáké lára igi ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá èèpo á bó. Bí Bàbá bá ti sọ àáké lu igi, nígbà míì á yíjú sí Zeferino.

"Báwo ló ṣe dún?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀, Bàbá."

Bó ṣe ń dá a lóhùn nìyẹn láti ẹ̀ẹ̀rùn kan dé òmíràn. Mo bi í pé ṣé ẹnu ń dùn ún ni.

"Ìyá Belmira, ẹ ò mọ bàbá yẹn. Ó ń dán mi wò ni. Bí mo bá ṣì í, á lọ sọ fún Custódio pé mi ò mọ nǹkan kan. Àṣírí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò fẹ́ kó jáde. Ọwọ́ ẹ̀ ni mò ń ṣọ́."

Ó ṣọ́ ọ lóòótọ́. Ó mọ bí Bàbá ṣe ń dúró, bó ṣe ń tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Bí a bá ń jẹun, Bàbá á jókòó lọ́tọ̀, á máa wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé òfófó ló ń kó lọ fún Custódio tó ń ṣe olórí wa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fẹ́, irú èyí tó ń mú kí èèpo lẹ̀ mọ́ igi. Bàbá lu igi, ó bi Zeferino bó ṣe dún. Zeferino ní Bàbá ló mọ̀. Bàbá bá ki àáké bọ̀ ọ́, ó yí i, èèpo sì fa ìyá ya.

"Honorato, dúró." Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Custódio wà. "Mo ní kó o dúró."

Bàbá tún gbé àáké sókè. Àfìgbà tí Custódio di ọwọ́ rẹ̀ mú kó tó yíjú, ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀. Ojú tì mí. Etí Bàbá ò gbọ́ mọ́.

"Ó ti pẹ́," ló wí. "Ọwọ́ ni mo fi ń mọ̀ bí èèpo á bó. Níbi tí ọwọ́ ò bá tó, mo máa ń bi ọmọ yìí. Mo rò pé bó bá ń sọ ọ́ fún mi, òun náà á mọ̀ ọ́n."

Custódio na àáké sí Zeferino. "Etí tìẹ ń gbọ́. Lu igi yẹn, kó o sọ bó bá máa bó. Tó o bá mọ̀ ọ́n, àáké ti di tìẹ."

Zeferino lu igi. Ó tún lù ú. Òógùn bò ó.

"Ó máa bó àbí kò ní í bó?"

Zeferino rìn lọ bá Bàbá, ìtìjú mú un dorí kodò, ó sì bi í léèrè, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀: "Bàbá, bó bá máa bó, báwo ló ṣe máa ń dún?"

Bàbá gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó tẹ̀ ba kó lè rí ẹnu rẹ̀.

"Kí lo wí, ọmọ mi?"