Ẹ̀wù Òjé Nítorí Ìràwọ̀ Tó Ti Kú

Iṣẹ́ mi nílé ìwòsàn ní Ṣakí ni láti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ́kísiréè, kí n máa pe àwọn aláìsàn wọlé. Kí obìnrin kankan tó kọjá, mo gbọ́dọ̀ bi í bóyá ó lóyún. Bí ó bá ní òun kò mọ̀, mo máa ń dá a padà sórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tó ń ya fọ́tò nínú yàrá náà a wọ ẹ̀wù òjé, a sì tún sá sẹ́yìn ògiri. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún mi pé ẹ́kísiréè kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi obìnrin, tí kò tíì pẹ́ tó ṣègbéyàwó, ti Ìbàdàn dé, tó ní ẹ́kísiréè ni òun fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí fún oyè kejì ní yunifásítì, mo sọ ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀. Mo bi í pé ẹ́kísiréè ti ta ni. Ó ní ti ìràwọ̀. Ìràwọ̀ ńlá kan ló bú gbàù, ó kú, ohun tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ sì ṣì ń tú ẹ́kísiréè jáde. Mo ní ó ti kú, ó sì ṣì ń tú u jáde. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà tó fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Mi ò bá a jiyàn. Mo lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọta fún àwọn ọdẹ, torí òun ló ní òjé. Mo ní kí ó lù ú pẹlẹbẹ, kí n lè rán an sáàárín kíjìpá méjì, láti ọrùn dé orúnkún.

Ó ní, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ṣé ogun lọmọ náà ń lọ ni?"

"Ẹ̀kọ́ ló ń lọ kọ́."

"Ẹ̀kọ́ wo ló ń yìnbọn?"

Mo ní ìràwọ̀ ni. Ó wò mí, ó wo òkè, ó ní òun á jẹ́ kó nípọn sí i.

Nígbà tí ọmọ mi wọ̀ ọ́ wò, kò lè dìde lórí àpótí. Kò rẹ́rìn-ín lójú mi. Ó kàn ní kí n jẹ́ ká jọ lọ sóko nírọ̀lẹ́, níbi tí wọ́n ti ń sungbó.

Iná náà bẹ̀rẹ̀ lójú kan, ó ń fẹ̀ bí òrùka, àárín rẹ̀ sì ti di eérú. Nínú koríko gbígbẹ, eré ló ń sá. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan igbó ṣíṣú etí odò, ó dúró, ó ń ta, ibẹ̀ sì pọ́n ju gbogbo ìyókù lọ.

Ọmọ mi ní, "Ibi tó ti kọlu igbó yẹn gan-an ni mo fẹ́ máa wò. Ìkùukùu wà láàárín àwọn ìràwọ̀, ó tutù, ó ṣú, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń bí ìràwọ̀ tuntun. Ohun tó fọ́n ká lára ìràwọ̀ tó kú á sáré lọ kọlu ìkùukùu náà."

"Ìwọ ńkọ́? Níbo lo máa dúró sí?"

"Lórí àga ni, Màámi. N'Ìbàdàn."

Ó ní ẹ́kísiréè náà kì í dé ilẹ̀ rárá, afẹ́fẹ́ òkè orí wa ló ń gbé e mì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ju ẹ̀rọ kọjá afẹ́fẹ́ láti lọ ya fọ́tò rẹ̀. Àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé ni òun ó máa wò. Mo bi í bóyá ìwé náà ti sún mọ́ ẹ̀rọ náà rí. Ó ní rárá. Mo bi í pé ta ló wà níbẹ̀ tó rí i pé rárá. Ó ní òun á mú ẹ̀wù náà lọ.

Mo súre fún un.

Ìgbà òjò ni mo lọ wò ó. Oyún ti hàn. Àwòrán wà lórí tábìlì rẹ̀ gègèrè, gbogbo rẹ̀ dúdú, pẹ̀lú ààmì funfun wínníwínní. Ẹ̀wù òjé ló fi tẹ̀ ẹ́ kí fáànù má baà fẹ́ ẹ lọ. Mo gbé e kí n so ó mọ́ ọn níkùn, mo wá rántí pé aboyún kì í ru ẹrù tó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Mo dá a padà sórí àwòrán, mo tún un ṣe títí kò fi sí etí ìwé kankan tó yọ síta.

Ó dúró títí mo fi ṣe tán.

Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ẹyọ kan. Iṣẹ́ ni mo fẹ́ ṣe."

Mo yọ ẹyọ kan fún un, mo sì bo ìyókù.