Òògùn Tirẹ̀, Ọwọ́ Tirẹ̀

Mo rántí ìgbà tí mo ń ta aṣọ ọmọdé ní ọjà Aswani, tí mo ń gbé yàrá kan ní Ṣógúnlé. Nọ́ọ̀sì kan wá kọ́ wa ní ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì nínú ọjà. N ò ní purọ́, mítípáì tí wọ́n ní àwọn máa pín ló gbé mi débẹ̀. Ó ní òfin ò fún àwa èrò ọjà láṣẹ láti fún aláìsàn lóògùn. Tí aláìsàn bá gbà, a lè bá a mú òògùn tirẹ̀, ká gbé ọwọ́ rẹ̀ ró, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni yóò lò ó. Òògùn ẹlòmíì, èèwọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹni tó ń kú lọ ni ká máa bi léèrè?

Àfi lọ́jọ́ ọjà kan tí ìyá aláǹkárá tó kọjú sí mi ṣàdédé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ásímà gbé e, tí àyà rẹ̀ ń dún bíi fèrè. Èmi náà ní àìsàn yẹn. Mo ti fa ìnhélà tèmi yọ nínú báàgì kí n tó rántí nọ́ọ̀sì. Ta ló mọ̀ bóyá tèmi máa bá a lára mu?

"Má fọwọ́ kàn án o!" ẹ̀gbọ́n tó ń ta léèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pariwo. "Igún ṣoore, ó pá lórí. Tó bá kú sí ẹ lọ́wọ́, ọlọ́pàá á ní ìwọ lo pa á!"

Ẹ̀rù bà mí. Ìyá náà ń nawọ́ sí àpò owó tó so mọ́ ìdí lábẹ́ ìró, ibẹ̀ ni ìnhélà tirẹ̀ wà, ọwọ́ rẹ̀ ò sì lè tú okùn. Ta ló ń ki ọwọ́ bọ àpò ìyá ọlọ́jà láàárín ọjà, kí wọ́n má pè é lólè?

Mo kúnlẹ̀. "Màmá, ṣé kí n bá yín yọ ọ́?"

Ó fi orí dá mi lóhùn pé kí n yọ ọ́. Mo tú okùn lójú gbogbo wọn, mo fi ìnhélà sí i lọ́wọ́, mo gbé ọwọ́ náà dé ẹnu rẹ̀. Ìka rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Fèrè yẹn ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọlọ́run ọba! Afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ti ń mí lọ́fẹ̀ẹ́ láti àárọ̀, mo rí i bó ṣe ń padà sára èèyàn. Ẹnu yà mí títí omi fi bọ́ lójú mi.

"Ọmọ mi," ló kọ́kọ́ sọ, "bá mi so àpò mi padà."

Lẹ́yìn náà la gbé e lọ sọ́sípítù.

Àgọ́ Palace ni ṣọ́ọ̀bù mi wà báyìí. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Nígbà míì tí mo bá fa ìnhélà tèmi tán, tí èémí padà, mo máa ń wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ ẹlòmíì ló gbé ró lọ́jọ́ yẹn, kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, èèyàn sì yè.