Ọdún Tí Mo Kọ fún Wàláà Ará Agége

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jókòó kí n ròyìn bí ìlẹ̀kùn ṣe tì wá mọ́ inú sítọ̀ kan l'Órégùn, nígbà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ alágbádá. Tí ẹ bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ máa rín in. Èmi náà ti rín tèmi.

Dírẹ́bà ni mí nílé kan tí wọ́n ń kó nǹkan àtijọ́ sí. Ọ̀gá wa, ọmọ Èkìtì bíi tèmi, gbé kọ̀ǹpútà dé. Ó ní gbogbo ẹrù sítọ̀ gbọ́dọ̀ wọnú rẹ̀, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n ṣe é. Ta ni wọ́n ní kó máa tẹ̀ ẹ́? Èmi oníwèé mẹ́fà!

Kọ̀ǹpútà yẹn le ju lánlọ́ọ̀dù lọ. Bí o ò bá kọ ọdún, o ò ní kọjá. Ó wá kan wàláà kan, pátákó tí àwọn ọmọ kéwú ń kọ ẹ̀kọ́ sí. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Wọ́n ti fi tàdáwà, yíǹkì àwọn aláàfáà, kọ nọ́ńbà síbẹ̀: 1342. Mo ní Olúwa ṣeun, mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, mo kọjá.

Yéè! Ọ̀gá rí i, ó fò sókè. Wàláà tó lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún, l'Ágége níbí! Kíá ló ti ránṣẹ́ sáwọn onímọ̀ nǹkan àtijọ́ lókè òkun. Àwọn yẹn ní kó fi ránṣẹ́, àwọn máa gé díẹ̀ lára igi náà, káwọn fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Ẹni tó ni ín, Alhaja kan l'Ágége, yá wa lásán ni, káwọn ọmọ iléèwé lè rí i. Bó ṣe gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gé e, ó sáré dé lọ́jọ́ tó yẹ kí wàláà náà lọ gan-an. Àwa mẹ́ta, ọ̀gá, Alhaja àtèmi, wọ sítọ̀ lọ wò ó níbi tí wọ́n ti dì í sínú páálí. Pàà! NEPA múná lọ.

Iná ló ń ṣí ìlẹ̀kùn yẹn o! Jẹnẹrétọ̀ ò sì ní dísù. Géètìmáànù ń pariwo látìta pé ká ní sùúrù, àwọn ti lọ rà á. Òkùnkùn biribiri, àwọn ère tò yí mi ká. Mò ń gbàdúrà, mo wá ń ṣe bí ẹni ń wúkọ́.

Alhaja bú sẹ́kún. Ó ní bàbá òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ, lọ́dún tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n òun.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ọ̀hún dà, mà?"

"Ó wà nílé. Ẹ̀bà ló ń jẹ nígbà tí mò ń bọ̀."

Ẹni ẹgbẹ̀ta ọdún, ẹ̀bà? Mo ní kí wá ni 1342?

"Ọdún Híjírà ni! Bí àwa Mùsùlùmí ṣe ń kà á nìyẹn, nǹkan bí 1923 tàwọn òyìnbó. Ṣé ẹ bèèrè ni?"

Ọ̀gá ò gbà. Ó ti fọ́nnu káàkiri àdúgbò Allen. Ó kọjú sí mi nínú òkùnkùn: "Bàbá Fẹ́mi, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ṣé kì í ṣe ohun tó wà lára igi lẹ kọ ni?"

Ẹ gbà mí! Ẹni tó ń sanwó oṣù mi rèé, ẹni tí wọ́n fẹ́ gé igi bàbá rẹ̀ rèé. Mo tilẹ̀ fọwọ́ wá ìlẹ̀kùn. Ó ṣì tì.

Ohùn mi ń gbọ̀n bíi ti ewúrẹ́ tí òjò pa. Mo ní, "Ọ̀gá, ohun tí mo rí ni mo kọ. Ṣùgbọ́n mi ò bèèrè pé ọdún ta ni."

Iná dé, ìlẹ̀kùn ṣí, ọ̀gá jáde láìwò mí. Mo ti ń ronú ibi tí mo máa wáṣẹ́ sí. Àfi bó ṣe mú sísọ́ọ̀sì padà dé, tó já téèpù lára páálí wàláà náà, tó gbé e lé Alhaja lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n Alhaja fúnra rẹ̀ wá kí wa lẹ́yìn náà. Ó bi mí pé, "Dírẹ́bà, ṣé ẹ rí i pé mo ṣì le, pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ̀ta ọdún mi?"

Ẹ̀kọ́ tèmi rèé: kí o tó kọ ọdún sílẹ̀ fún nǹkan onínǹkan, bi onínǹkan. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ ti kọ rí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá ẹlòmíì? Ẹ sọ ọ́ síbí o, kó má jẹ́ èmi nìkan ni wọ́n á máa rín!