Ilé Mọ́tò Tí Wọ́n Ta Òróró Sí

Inú ń bí mi, n kò ní purọ́. Tòún àbúrò mi kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Mọ́tò rẹ̀ ló fi ń gbé àwọn ọmọ iléèwé ní Mowe láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, òun náà ló sì fi ń bọ́ ilé. Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́ fún gbogbo ayé, àfi Gbémiga ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àdúrà nìkan ló kù tó ń ṣe. Olè ti yọ bátìrì mọ́tò náà lójúde lẹ́ẹ̀mejì, àwọn òbí sì kìlọ̀ pé bí àwọn ọmọ bá tún pẹ́ dé iléèwé, àwọn yóò wá ẹlòmíràn.

Ni Tòún bá pinnu láti kọ́ ilé mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ó ní kí bíríkìlà ṣírò búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ǹtì, páànù àti géètì onírin. Ó gbé àwòrán rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́, ó sanwó, wọ́n ní àwọn yóò wá wo ilẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń fi í rẹ́rìn-ín: ta ló ń gbàwé àṣẹ nítorí ilé mọ́tò?

Gbémiga ní àwọn gbọ́dọ̀ gbàdúrà sí ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Kò burú, gbogbo wa là ń ṣe é. Pásítọ̀ á wá, á ta òróró sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á sì máa lọ. Ṣùgbọ́n Gbémiga kì í ṣe nǹkan níwọ̀n. Ó ta kánópì, ó to àga, ó gbé sípíkà jáde, ó pe gbogbo ìjọ. Orin ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri ilé pé kí iṣẹ́ dúró, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Tòún fẹ́ kọ́, tó wá ń pè é ní ilé mọ́tò.

Tòún sáré lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí Pásítọ̀ kọ ọ́ wá pé ibẹ̀ kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ parí. Àbúrò mi kúnlẹ̀ níwájú Pásítọ̀ Adébánjí tó gbàdúrà sí ilẹ̀ náà. Pásítọ̀ ní òun kò lè kọ ọ́, òun ti fẹnu ara òun ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún Olúwa, òun kò sì lè gbà á padà lọ́wọ́ Rẹ̀. Gbémiga ní àmín. Ó tún ní kí ìpàdé àdúrà máa wáyé níbẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sunday. Ẹni tí kò ra búlọ́ọ̀kù kan! Orúkọ tí mo pè é lọ́jọ́ náà kò ṣeé kọ síwèé.

Kò pẹ́, olè tún yọ bátìrì lọ. Òbí méjì gba ọmọ wọn kúrò lọ́wọ́ Tòún. Kò sunkún. Mo yá a lówó, ó ra bátìrì mìíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, ìpàdé ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí Tòún tẹ họ́ọ̀nù, tó rọra wa mọ́tò wọ àárín wọn. Wọ́n ń gbé àga sá. Ó wà á dé ibi tí Pásítọ̀ dúró sí, ó pa ẹ́ńjìnnì. Gbémiga bi í bóyá ó fẹ́ dójú ti òun ni.

Tòún sọ̀kalẹ̀, ó fi orúkọ ọmọ wọn pe ọkọ rẹ̀: “Dádì Jésùlayọ̀mi, ẹ má bínú. Ohun tó ń bọ́ wa ni mo gbé wá síwájú Ọlọ́run. Ẹ bá mi ṣọ́ ọ di àárọ̀.”

Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ Gbémiga síta.