Orúkọ Ọkùnrin Tó Di Táyà Mú

"Kí ni orúkọ ọkùnrin yìí?"

Obìnrin Faransé kan tó ń jẹ́ Odile ló bi mí bẹ́ẹ̀ ní èṣí, nínú ilé wa ní Koko, àdúgbò kan ní Bouaké ní Côte d'Ivoire. Ó ń kọ ìtàn ẹbí rẹ̀, àwọn Vasselin, tí wọ́n máa ń gbé ọkọ̀ eré-ìje wá sí Bouaké lọ́dọọdún nígbà kan. Ó fi fọ́tò hàn mí, ó na ìka sí ọkùnrin tó di táyà mú. Ọkọ mi ni.

Ẹbí nìkan ló ń fọwọ́ kan ọkọ̀ wọn. Bàbá ń wa ọ̀kan, àkọ́bí ń wa èkejì, ìyá ló ń di aago mú, àbúrò ló ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Lọ́dún tí ibà dá àbúrò yìí dùbúlẹ̀ ni wọ́n wá mẹkáníìkì wá sí Koko. Kàmíọ̀n tó ń kó owú lọ sí Gonfreville, ilé iṣẹ́ aṣọ, ni ọkọ mi ń tún ṣe nígbà náà. Ó fetí sí ẹ́ńjìnnì wọn lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Eruku ló mu. Ẹ pa á."

Wọ́n pa á. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi bá wọn ṣe é. Aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n fún un, Vasselin ni wọ́n kọ sí àyà rẹ̀, nítorí wọn ò ní òmíràn. "Petit", ìyẹn kékeré, ni àwọn fúnra wọn ń pè é. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní gáráàjì a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́:

"Òyìnbó Ògbómọ̀ṣọ́, ìgbà wo lo ń lọ Faransé lọ pín ogún?"

"Wọ́n ti pín tèmi. Táyà ni."

Eruku pupa tó fà símú láwọn ọdún wọ̀nyẹn ló jẹ́ kó máa wúkọ́ títí ó fi kú. Bàbá Vasselin ti kú ṣáájú rẹ̀. Àwọn ọmọ ta ọkọ̀, wọn ò padà wá mọ́.

"Bàbá Sakeenah ni," mo dá Odile lóhùn.

Larissa, ọmọ Sakeenah ọmọ mi, tó ń ṣe ògbifọ̀ fún wa, rẹ́rìn-ín. "Mémé, orúkọ rẹ̀ gan-an ni madámù ń béèrè."

"Mo ti sọ ọ́."

Orúkọ ìdílé bàbá tirẹ̀ ni Larissa ń jẹ́. Pépé, ìyẹn bàbá àgbà, nìkan ló mọ ọkọ mi sí. Ogójì ọdún ni mo fi jẹ́ ìyàwó, ẹnu mi ò pe orúkọ ọkọ mi rí. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Odile kọ ohun tó gbọ́.

Ìwé náà dé lóṣù tó kọjá. Gbogbo Vasselin ló wà níbẹ̀ torúkọ-torúkọ, títí kan ajá wọn. Lábẹ́ fọ́tò ọkọ mi, "Baba Sakina" ni wọ́n kọ. Ẹni tó fi orúkọ ẹlòmíràn sáyà fún ọdún mẹ́sàn-án, orúkọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n tún fi pè é.

Odile kọ́ ló ṣẹ̀. Èmi tí mo fúnra mi kọ́ ara mi ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni kò sọ sí lọ́kàn pé ohun tí ẹnu ò gbọdọ̀ pè, ọwọ́ lè kọ ọ́. Mo jẹ ọkọ mi ní gbèsè orúkọ kan. Mo san án báyìí.

Tàjúdínì Ògúntúndé.