Ẹni Tó Jókòó sí Ìdí Ọkọ̀

Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí àdúgbò kan kọjá ní Ìwó lẹ́yìn ìrun àṣùbáà, yóò kọ́kọ́ gbọ́ Hàbíbátù kó tó gbóòórùn ọṣẹ rẹ̀. Igi á máa ha inú ìkòkò, ṣàà, ṣàà, orin á sì máa tẹ̀lé e. Ọṣẹ dúdú ni obìnrin náà ń sè. Àwọn ará Kuta àti Ilé-Ogbó ń wá rà á, wọ́n ní làpálàpá tó bá rí i, á di ẹrù rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n igi tó fi ń ro ọṣẹ kì í ṣe omorogùn. Àjẹ̀ ni, igi pẹlẹbẹ tí atukọ̀ fi ń wa ọkọ̀ lójú omi, omi eérú sì ti jẹ ẹ́ lẹ́nu títí tó fi dà bí eyín arúgbó.

Fàtímọ̀, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, kì í jẹ́ kó simi.

"Ìyáálé mi, ẹ tún ti ń wa ọkọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Níbo lẹ ń lọ lónìí?"

"Ilé bàbá rẹ ni. Mo fẹ́ dá ọ padà fún wọn, wọn ò jẹ́ ká yẹ ọjà wò dáadáa ká tó gbà á."

Ògúnkúnlé, bàbá Hàbíbátù, ló ni àjẹ̀ náà. Atukọ̀ ni, odò Ọbà ló ti ń tu èrò, kí wọ́n tó tẹ́ afárá. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, tí kùrukùru bo ojú omi, ọkùnrin tó dúró sídìí ọkọ̀ kì í rí ẹni tó jókòó níwájú mọ́. Orin ló fi ń ṣọ́ èrò rẹ̀. Bó bá ti ti àjẹ̀ bọ omi, á dá orin, èrò á gbè é. Ẹni tí orin bá kàn tí kò gbè, a jẹ́ pé ó ti sùn, tàbí omi ti mú un.

*Ọkọ̀ ń lọ o, omi ń bọ̀,*
*Ta ló jókòó síwájú ọkọ̀?*
*Èmi rèé o, mo wà ńbẹ̀.*
*Ta ló jókòó sí àárín ọkọ̀?*
*Èmi rèé o, mo wà ńbẹ̀.*
*Ta ló jókòó sí ìdí ọkọ̀?*

Ìdí ọkọ̀, lẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ni ìjókòó Sẹ̀gilọlá, àbúrò Hàbíbátù. Eyín iwájú ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ká nígbà náà, afẹ́fẹ́ a sì máa gba ojú àlàfo rẹ̀ jáde bó bá ń gbe orin. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà òjò, odò kún, ìtì igi kan ṣàn wá láti òkè, ó kọlu ọkọ̀, ọkọ̀ dojú dé. Ògúnkúnlé fa èrò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dúró sétí omi, ó tún dá orin. Ẹni iwájú gbè é pẹ̀lú ẹkún. Ẹni àárín, ìyẹn Hàbíbátù fúnra rẹ̀, gbè é. Ó bèèrè ẹni tó wà nídìí ọkọ̀, ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ló dáhùn. Wọ́n wá a títí dé ìsàlẹ̀ odò. Wọn ò rí òkú, wọn ò rí aṣọ.

Láti ìgbà náà, bí orin Ògúnkúnlé bá dé ìdí ọkọ̀, á dákẹ́. Á ti àjẹ̀ bọ omi láìsọ̀rọ̀, èrò náà á dákẹ́, kó tó máa bá orin lọ. Ó sì ní ẹsẹ̀ kan tí kò kọ mọ́ láéláé, ẹsẹ̀ ìgúnlẹ̀, èyí tí atukọ̀ fi ń pe èrò lọ́kọ̀ọ̀kan pé kó sọ̀kalẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, á kàn fi àjẹ̀ lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kálukú á gbẹ́rù rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bi í, ó ní, "Ọmọ mi ò tíì gúnlẹ̀. Ta ni mo fẹ́ ní kó sọ̀kalẹ̀?"

Ó bá ọ̀rọ̀ náà wọlẹ̀ lọ. Afárá dé, ọkọ̀ rà, àjẹ̀ sì bá Hàbíbátù wá sílé ọkọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ dájú nìyí o. Láràárọ̀, bí Hàbíbátù bá ń ro ọṣẹ, tó kọrin dé ìdí ọkọ̀, tó dákẹ́, nǹkan a máa dá a lóhùn láti inú ìkòkò. Ohùn tín-ín-rín, tí afẹ́fẹ́ ń gba ojú àlàfo eyín rẹ̀ jáde. *Èmi rèé o, mo wà ńbẹ̀.* Mùkáílà, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ àáfà, ti fura kó tó kú. Ó ṣe àdúà, ó ṣe sàráà. Ohùn náà kò lọ. Ká má parọ́, inú Hàbíbátù dùn pé kò lọ.

Hikmat, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ló gbé orin náà jáde nílé. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nílùú ló ń lọ, wọ́n sì fẹ́ ṣe eré olórin níbẹ̀. Ó mú olùkọ́ tó ń darí eré wá, Ọ̀gbẹ́ni Èyímofẹ́, ọmọ Ìlàjẹ, ẹni tí wọ́n bí sétí òkun. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọṣẹ.

"Ìyá, wọ́n ní ẹ mọ orin ọkọ̀."

"Orin ọṣẹ ni báyìí. Dìde, eérú á ba aṣọ rẹ jẹ́."

Ó jókòó, ó sì rojọ́ dáadáa. Ó ní lókè òkun, ìlú kan wà tó jẹ́ omi ni títì wọn, orin àwọn atukọ̀ ibẹ̀ dùn débi pé àwọn olórin ńlá jí i gbé wọnú eré, àwọn akéwì sì gbé e wọnú ìwé. Orin náà a máa mì lọ mì bọ̀ bí ọkọ̀, ẹni tó bá ń gbọ́ ọ nínú gbọ̀ngàn á rò pé omi wà nísàlẹ̀ àga òun. "Nínú eré wọn, mà, orin ọkọ̀ ló máa ń dùn jù. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń dùn jù báyẹn, kí ẹ ti mọ̀ pé láburú ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀."

Hàbíbátù wò ó. "Àwọn tí ń kọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn yìí, ta ni wọ́n ń gbé kọjá?"

"Wọn ò gbé ẹnikẹ́ni, mà. Orin náà ni wọ́n fẹ́ gbọ́."

"Ọkọ̀ tí kò gbé ènìyàn, ohun mìíràn ló ń wọ̀ ọ́."

Síbẹ̀ ó kọ orin náà fún wọn, nítorí Hikmat. Hikmat fi fóònù gbà á sílẹ̀. Ìkìlọ̀ kan ni Hàbíbátù ṣe: ìjókòó ìdí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbè é níbẹ̀. Èyímofẹ́ ní, "A ti gbọ́, mà."

Kò ju ìwọ̀nba ọjọ́ lọ lẹ́yìn náà, Hàbíbátù ń ro ọṣẹ, ó kọrin dé ibẹ̀, ó dákẹ́. Ìkòkò hó lásán. Ó tún un kọ. Kò sí ohùn. Ó ń wo inú ìkòkò bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ já bọ́ sínú kànga, nígbà tí Hikmat jáde síta tòun ti aṣọ ìbora, tó ń gbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "òtútù ń mú mi."

Àjẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Hàbíbátù. "Ta lò ń pè ní ẹ̀gbọ́n?"

Hikmat ṣẹ́jú. "Mo pe ta ni? Oorun ṣì wà lójú mi ni, Ìyá àgbà."

"Hikmat, ta ló jókòó sí ìdí ọkọ̀ yín?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Sà ló ní àlàfo yẹn jọ pé ẹnì kan gbàgbé orin. Wọ́n ní kí n jókòó síbẹ̀, kí n máa gbè é. Eré lásán ni, mà. Ọ̀sán òní la máa ṣe é, wọn ò lè pààrọ̀ rẹ̀ mọ́."

Hàbíbátù kò bínú. Ó pa iná, ó wẹ̀, ó fa ìborùn borí, ó sì bá a lọ.

Òjò ń rọ̀ sórí páànù gbọ̀ngàn. Pákó ni wọ́n fi kan ọkọ̀, aṣọ búlúù ni omi, àwọn ọmọ méjì sì ń gbọn etí rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ṣe atukọ̀ dá orin, ohùn rẹ̀ já geere. Ẹni iwájú gbè é. Ẹni àárín gbè é. *Ta ló jókòó sí ìdí ọkọ̀?* Hikmat lanu, ohùn tó jáde sì ń gba ojú àlàfo eyín, bẹ́ẹ̀ eyín Hikmat pé.

Orin parí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn òṣèré dìde, wọ́n tẹrí ba. Hikmat kò dìde. Ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, ó tẹjú mọ́ aṣọ búlúù. Àwọn ọmọ ti dá gbígbọn rẹ̀ dúró, aṣọ náà ṣì ń rú.

"Hikmat, dìde!" ni Èyímofẹ́ ń wí lábẹ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Àwọn òǹwòran rò pé ara eré ni, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ náà sáré gun orí ìtàgé, ó fà á lọ́wọ́, ó sì yára fi í sílẹ̀. "Ìyá! Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ẹja!"

Hàbíbátù ti ń gun àtẹ̀gùn. Ó mọ ohun tó kù, ẹsẹ̀ ìgúnlẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kò kọ mọ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá kọ ọ́, ẹni tó gbè é lónìí kò ní gbè é mọ́, àárọ̀ òun yóò sì ṣófo títí ọjọ́ ikú. Ó wo ọwọ́ Hikmat, èékánná rẹ̀ ti ń dúdú. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ pákó náà.

*Ọkọ̀ gúnlẹ̀ o, omi dúró,*
*Ẹni iwájú, sọ̀kalẹ̀ o,*
*Ẹni àárín, sọ̀kalẹ̀ o,*

Ó tún fi àtẹ́lẹwọ́ lu pákó náà. Òjò ń lu páànù.

*Sẹ̀gilọlá ìdí ọkọ̀, sọ̀kalẹ̀ o,*
*Ilẹ̀ gbígbẹ ti ń dúró dè ọ́.*

Hikmat gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé a ti gúnlẹ̀?"

"A ti gúnlẹ̀, àbúrò mi. Ó ti pẹ́. Gbẹ́sẹ̀ rẹ."

Ó gbẹ́sẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan pákó ìtàgé, ó bú sẹ́kún, ó dì mọ́ Hàbíbátù: "Ìyá àgbà, kí ló dé tí gbogbo wọn ń wò mí?" Ọwọ́ rẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn kan ní àwọn rí ojú ẹsẹ̀ ọmọdé tó tutù, tó gba àárín àga lọ sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn mìíràn ní òrùlé ló ń jò. Ojú ọ̀nà ni Hàbíbátù ń wò.

Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó dáná, ó da àdín sí omi eérú, ó mú àjẹ̀. Ó kọrin dé ìdí ọkọ̀, ó dákẹ́. Ó dúró, àjẹ̀ dúró nínú ìkòkò, kò rò ó. Ó dúró pẹ́. Fàtímọ̀ ló sáré jáde nínú yàrá, tó di imú mú.

"Ìyáálé mi! Ọṣẹ ń jóná!"

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn tó gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí kọjá gbóòórùn ọṣẹ Hàbíbátù. Wọn ò gbọ́ orin rẹ̀.