Pupuru Tí Mo Sá Sórí Òrùlé ní Addis Ababa

Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. A ti balẹ̀ ní Addis Ababa, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, mo sì jókòó sínú pápákọ̀ òfurufú wọn. Títí di alẹ́ ni mo máa dúró níbẹ̀ kí ọkọ̀ òfurufú kejì tó gbé mi lọ sí Kánádà. Òtútù mú mi, mo ní kí n yọ ìborùn. Bí mo ṣe fa síìpù báàgì ọwọ́ mi báyìí, òórùn ọ̀rinrin gbá mi nímú. Mo ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá. Omi ti sẹ̀ sára ọ̀rá náà nínú, pupuru mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Kí ẹni tí kò mọ pupuru má baà rò pé mo ń pariwo lásán: ẹ̀gẹ́ ni. A máa rẹ ẹ́ sómi, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n roboto, a ó wá gbé e sókè iná títí èéfín á fi mú un gbẹ. Òun là ń rò jẹ nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe é ní Ìkọ̀yà. Ohun kan sì wà tí ọmọ kékeré ibẹ̀ pàápàá mọ̀: bí pupuru bá kúrò lórí iná, inú agbọ̀n ló gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Bí o bá dì í sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì gbóná, bíbu ló máa bu.

Èmi tí mo ti bú obìnrin mélòó kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, èmi náà ni mo dì í gbígbóná. Mọ́tò tó máa gbé mi lọ sí Èkó ń fọn fèrè lójú ọ̀nà, awakọ̀ ń pariwo, mo bá rọ́ ọ sínú ọ̀rá, mo so ó pa. Ojú tì mí débi pé mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, àfi bí ẹni pé ará Ìkọ̀yà kan wà ní pápákọ̀ yẹn tó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ká ní fún títà ni, ǹ bá ní kó lọ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin mi ni mo ń gbé e lọ fún. Ó bímọ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, láti ọjọ́ náà sì ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́fun rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ á sè é, á gbé e fún un, á tún gbé e kúrò bó ṣe wà. Omi ọyàn ń gbẹ. Ohùn rẹ̀ lórí fóònù ti di tín-ín-rín. Ohun kan ṣoṣo ló ní ọkàn òun ń fà sí. Ó ní, “Màámi, pupuru yín ni. Ẹ má rà á lọ́jà o, ẹ fọwọ́ ara yín ṣe é.” Ẹ̀rù bà mí gan-an lórí àga yẹn.

Ọkọ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún mi pé, “Màmá, bí ẹ bá dé Addis, ẹ jókòó sójú kan, kí ẹ má baà sọnù.” Mo sì ti gbà. Àmọ́ mo gbójú sókè, mo rí oòrùn lára gíláàsì, oòrùn gidi. Òṣìṣẹ́ kan sì ti sọ fún wa pé yàrá òtẹ́ẹ̀lì wà fún àwọn tó máa dúró pẹ́, pé bọ́ọ̀sì ń dúró níta. Mo ti ní mi ò lọ. Mo bá dìde. Mo ní, ìwọ oòrùn yìí, èmi pẹ̀lú ẹ ni lónìí.

Wọ́n fún mi ní yàrá tó dáa, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ funfun báláú, mi ò tiẹ̀ fìdí kàn án. Àtẹ̀gùn ni mo gbà, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, títí mo fi yọ sórí òrùlé kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń sá aṣọ ìbùsùn. Mo fi òyìnbó kí i, kò gbọ́. Mo kúkú sọ Ìkálẹ̀ sí i, òun náà sọ tirẹ̀. Mo mú pupuru kan fún un, mo nawọ́ sí oòrùn. Ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mirí bí ẹni tó rí ọmọ aládùúgbò tí ara rẹ̀ ò yá. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ, ó sì padà wá pẹ̀lú ọ̀bẹ àti atẹ fífẹ̀ kan tí wọ́n hun. A jókòó, a gé ibi tó ti rọ̀ jù sọ nù, a fọ́ ìyókù wẹ́wẹ́, a sì ń tẹ́ ẹ.

A ò tíì ṣe é tán tí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù fi yọ. Ọ̀gá ni, mo ti rí i lára ìrìn rẹ̀. Ó fi òyìnbó sọ fún mi pé kí n kó o kúrò, pé òórùn rẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ àwọn àlejò. Mo ní, “Èmi kì í ṣe àlejò ni?” Mo jókòó ti atẹ mi. Mo ṣe bí ẹni gbé ọmọ jòjòló mọ́ra, mo fọwọ́ kan ọyàn, mo mirí pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo bu pupuru sẹ́nu, mo jẹ ẹ́ níṣojú rẹ̀. Kò ṣeé jẹ bẹ́ẹ̀ rárá, àmọ́ mo gbé e mì. Obìnrin aláṣọ náà kọjú sí i, ó ń sọ̀rọ̀, kò sì dákẹ́ bọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó máa padà dé, aṣọ ìbùsùn tó mọ́ ló mú lọ́wọ́, ó ní kí n tẹ́ èyí tó kù sí i.

Bí mo ṣe lo ọjọ́ mi ní Addis nìyẹn. Àwọn tí a jọ wọkọ̀ ń sùn nísàlẹ̀, èmi ń lé ẹyẹlé. Mo rí òkè tó yí ìlú ká, mo rí páànù tó ń dán lọ rẹrẹ, mo gbọ́ orin ìjọ kan láti ọ̀nà jíjìn, orin tó falẹ̀ ju tiwa lọ. Obìnrin aláṣọ bu kọfí fún mi nínú ife kékeré kan, ó korò débi pé ojú mi là kedere. Ó fọwọ́ bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí, mo na ìka mẹ́rin, òun na méjì, a jọ rẹ́rìn-ín. Gbogbo wákàtí ni mò ń yí pupuru mi padà.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, mo mú ègé kan, mo ṣẹ́ ẹ. Ó dún pá. Mo ṣẹ́ òmíràn, òun náà dún. Òórùn èéfín ilé wa jáde, kò sí ọ̀rinrin kankan nínú rẹ̀ mọ́. Mo dìde, mo jó. Àní mo jó lórí òrùlé olórùlé, obìnrin aláṣọ sì ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ méjì fún un. Òun náà fún mi ní àpò aṣọ kan láti kó ìyókù sí, ó sì na ọ̀rá mi sókè, ó mirí sí i. Àṣé ó ti mọ ohun tí mo ṣe látàárọ̀.

Mi ò tíì bọ́ kóòtù ní Kánádà tí mo ti ń bèèrè ìkòkò. Ọkọ ọmọ mi fi blẹ́ńdà lọ pupuru náà, mo jọ̀ ọ́, mo rò ó, mo fi ẹja yíyan se ọbẹ̀ ilá. Ọmọ mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti rù kan egungun. Ó fọwọ́. Ó bu òkèlè àkọ́kọ́, ó dijú, ó gbé e mì. Ó bu èkejì. Nígbà tó yá, ojú mi ò bá ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó fi ìka nu àwo náà mọ́ tónítóní, ó sì nà án sí mi.

“Màámi, ebi ṣì ń pa mí.”

Mo gba àwo náà, mo padà sídìí iná lọ rò sí i. Orin ń jáde lẹ́nu mi gooro, mi ò tiẹ̀ rántí pé ọmọ tuntun ń sùn.